Àtẹ́lẹwọ́ Ọ̀gá Òkìtì

Tí wọ́n bá ń fi agídí joyè ni, ọkùnrin tí gbogbo òṣìṣẹ́ ọgbà igi yẹn ń pè ní Ọ̀gá Òkìtì ì bá ti joyè tipẹ́. Òun gan-an ló ń sọ ọ́ báyìí, tó bá ń fi ọwọ́ òsì mú ṣíbí, nítorí pé wọ́n ṣì fi báńdéèjì di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́.

Igi àlòkù ni wọ́n ń kó sínú ọgbà náà: ilẹ̀kùn àtijọ́, tábìlì tó ti kán lẹ́sẹ̀, ẹ̀ka tí ìjì já bọ́. Ẹ̀rọ kan tó ń pariwo bí ẹni tí wọ́n jà lólè yóò lọ gbogbo rẹ̀ di èérún, wọ́n á sì kó èérún náà jọ ní òkìtì gàgàrà títí ilé-iṣẹ́ tó ń fi í dáná á fi wá kó o. Ẹ̀gbẹ́ òkìtì yìí náà ni wọ́n to páálí àti ike àlòkù sí, tí wọ́n fi wáyà dì wọ́n ní ìdì-ìdì. Ẹni tí kò mọ̀ á ní igi tó rin kò lè gbiná. Irọ́ gbuu! Èérún igi tó rin, tí wọ́n bá kó o ga jù, tí wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, inú rẹ̀ á máa gbóná díẹ̀díẹ̀ títí á fi gbiná fúnra rẹ̀, láìsí ẹni tó ṣáná sí i.

Ọ̀gá Òkìtì mọ èyí ju gbogbo wọn lọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń ṣọ́ òkìtì. Láràárọ̀, á ti ọ̀pá irin gígùn kan bọ inú èérún, á dúró díẹ̀, á fà á yọ, á sì fi àtẹ́lẹwọ́ di orí rẹ̀ mú. Ohun tí ọwọ́ bá sọ, abẹ gé e. Nígbà kan rí, ọwọ́ yẹn ló gbọ́ ti iná kí èéfín tó yọ, bàbá ẹni tó ni ọgbà sì gbé ọwọ́ náà sókè lójú gbogbo èèyàn bí ìgbà tí èèyàn bá gba ife-ẹ̀yẹ. Láti ọjọ́ náà ni orí Ọ̀gá Òkìtì ti wú. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ọwọ́ tó bá ń di irin gbígbóná mú fún ọgbọ̀n ọdún á yi. Nílé, ó máa ń fi ọwọ́ lásán sọ ìkòkò tó ń hó kalẹ̀, ìyàwó rẹ̀ á pariwo pé, “Ṣé ọwọ́ èèyàn nìyẹn?” Ó rò pé wọ́n ń yin òun ni.

Àbígbẹ̀yìn rẹ̀ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀. Ọdún méjì ni bàbá fi bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó gbà á. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó kọ ohun tí bàbá bá pè sínú ìwé àyẹ̀wò, kó sì fọwọ́ sí i. Òfin ọgbà sì le: ẹni tó bá kọ irọ́ sínú ìwé yẹn, ilé yá. Ọmọ náà ní ẹ̀rọ tiẹ̀, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní ojú gíláàsì, tí nọ́ńbà ooru ń yọ lójú rẹ̀.

Bí ọ̀ràn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí: odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ kò wá kó èérún. Òkìtì kọjá ìlà pupa tí wọ́n fà sára ògiri pé kò gbọ́dọ̀ kọjá. Wọ́n da tuntun lé ògbólógbòó lórí. Awakọ̀ katakata tún gun orí rẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ kó lè gba sí i. Ta ló fún un láṣẹ? Ọ̀gá Òkìtì ni. “Tẹ̀ ẹ́ dáadáa,” ó ní, “kó má baà ya.” Láìpẹ́, ooru ń rú lórí òkìtì láràárọ̀. Awakọ̀ ń sá aṣọ rẹ̀ tó tutù sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ológbò kan wá bímọ mẹ́rin síbẹ̀, ni Ọ̀gá Òkìtì bá dá òwe fúnra rẹ̀: “Ológbò kì í bímọ sórí iná.” Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún un, ọpọlọ ò pé níbẹ̀ o.

Ní Túsìdeé, ọmọ rẹ̀ ki ẹ̀rọ bọ inú èérún. Ojú rẹ̀ yí padà.

“Bàbá, ó ti di mẹ́tàléláàádọ́rin o.”

Bàbá di ọ̀pá mú. “Tútù ni. Kọ ọ́.”

“Bàbá, ọgọ́rùn-ún péré ni omi ti ń hó o.”

Bàbá fi í rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i!” Àgbà ọ̀hún kò tiẹ̀ jókòó, orí òkìtì ló dúró sí. “Lọ bu omi mu, oòrùn ló ń pa ẹ́.” Ọmọ náà wo ẹ̀rọ, ó wo bàbá rẹ̀, ó kọ “tútù,” ó sì fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ kejì, kò tiẹ̀ ka nọ́ńbà náà fún bàbá mọ́, ó kàn kọ “tútù” ni.

Ní Tọ́sìdeé, obìnrin kan láti ọ̀dọ̀ panápaná wá yẹ ọgbà wò. Bó ṣe rí òkìtì tó ga ju ìlà lọ, ló lejú. Ẹni tó ni ọgbà rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ẹ má fòyà. A ní ọwọ́ kan níbí tó ju ẹ̀rọ lọ.”

Hẹ̀n-ẹ́n! Ọ̀gá Òkìtì káwọ́ ẹ̀wù sókè. Ó ti ọ̀pá wọlé jìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí àlejò lè mọ̀ pé iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Ó fà á yọ, ó dì í mú ṣinṣin, ó gbé àyà síwájú.

“Tútù!”

 Òórùn kan sì gba imú rẹ̀. Ó yíjú sẹ́yìn, ó bínú. “Ta ló ń sun awọ níbí ná?”

“Bàbá!” Ọmọ rẹ̀ ti ń sáré bọ̀. “Bàbá, ọwọ́ yín ni! Ẹ ju ọ̀pá sílẹ̀!”

Èéfín ń yọ láàárín ìka rẹ̀. Ó ní títí òun á fi kú, òun kò ní gbàgbé pé òun ṣì dúró, tí òun ń rò ó pé ta ló ni awọ ọ̀hún.

Awakọ̀ fò sórí katakata, ó fẹ́ tú òkìtì ká. Obìnrin panápaná fò síwájú rẹ̀. “Má tú u! Tí afẹ́fẹ́ bá já wọ inú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, iná á là gbòò! Ẹ kọ́kọ́ kó páálí àti ike kúrò!” Wọ́n kó wọn bí ẹni ń sá fún ogun, awakọ̀ kó ológbò àtàwọn ọmọ rẹ̀ sínú àpótí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, wọ́n ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n ń fi rọ́bà omi rin ín. Nígbà tí wọ́n dé àárín, ó pọ́n wẹ̀ẹ̀ bí ẹyin iná. Ọgbà náà kò jó. Ó ku díẹ̀ ni.

Ni ẹni tó ni ọgbà bá ṣí ìwé àyẹ̀wò. “Tútù. Tútù. Tútù.” Ó wo ọmọ náà. “Ìwọ lo fọwọ́ sí i. Lọ kó ẹrù rẹ.”

Ọ̀gá Òkìtì gbé ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n ti fi aṣọ tútù dì sáyà, ó bọ́ síwájú. “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ló kọ ọ́, ẹnu tèmi ló sọ ọ́. Ọmọ yìí kò mọ̀ pé ó gbóná.”

“Mo mọ̀,” ọmọ náà ní.

Bàbá yíjú sí i.

“Lánàá, mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún ni mo rí. Mo mọ̀ pé iná ti wà níbẹ̀.”

“O mọ̀? Kí ló dé tí o kò pariwo?”

“Mo pariwo, Bàbá. Ẹ̀rín lẹ fi dá mi lóhùn.” Ó na ẹ̀rọ rẹ̀ sí i. “Mo ronú pé tí mo bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì lójú àwọn èèyàn, ojú á tì yín. Mo wá ní kí ọgbà kúkú jó.”

Ọ̀rọ̀ náà dun Ọ̀gá Òkìtì ju ọwọ́ rẹ̀ tó bó lọ. Ọmọ tí òun fi ọdún méjì bẹ̀bẹ̀ iṣẹ́ fún gbà kí ọgbà jóná mọ́ òun ju kí ojú ti òun lọ. Kò lè wo ojú rẹ̀. Ó yíjú sí ẹni tó ni ọgbà, ó sì wólẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níbẹ̀.

“Ọ̀gá, èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Kò tíì mọ̀ ọ́n rìn dáadáa tí mo ti ń kọ́ ọ pé èmi kì í ṣàṣìṣe. Ẹ lé mi, kí ẹ fi òun sílẹ̀.”

Ẹni tó ni ọgbà pa ìwé náà dé. Ó ní ọmọ náà á dúró, àmọ́ òkìtì ti kúrò lọ́wọ́ bàbá. Tó bá ṣì ń wá iṣẹ́, kó wá máa gbálẹ̀ àyíká òkìtì, kó sì máa gba àṣẹ lẹ́nu ẹni tó ń di ẹ̀rọ mú.

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé bàbá rẹ̀ dìde nínú ẹrẹ̀. “Bàbá, tí mo bá ní kí ẹ sún kúrò nídìí òkìtì, ṣé ẹ máa sún?”

“Màá sún.”

“Láìpòwe?”

Òwe mẹ́ta ti wà lẹ́nu bàbá kó tó bi í tán. Ó gbé gbogbo wọn mì. “Láìpòwe,” ó ní, ó sì bú sẹ́kún lójú gbogbo wọn.