Kí Ọ̀gá Bọ́ Síta Ná

Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ bíi inú fíríjì, síbẹ̀ òógùn ń ṣàn lẹ́yìn Morádéún. Yàrá ìpàdé kan ni wọ́n yá ní Wharf Road, Àpápá, kó lè jìnnà sí pápákọ̀ òfuurufú, kẹ́rù má ba ẹlẹ́rìí. Ìgbìmọ̀ kan tí kò sí lábẹ́ ẹnikẹ́ni ló fẹ́ mọ̀ bóyá iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́ ààbò bàálù ń ṣiṣẹ́ ni àbí ó ń sùn. Morádéún wà lára àwọn tó ń yẹ bàálù wò níbẹ̀.

Ó gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Bàálù kan tí táyà rẹ̀ ti jẹ tán ṣì ń kó èèyàn lọ sí Port Harcourt. Ìyẹ̀wò òjijì ni wọ́n ń pe iṣẹ́ wọn, àmọ́ kí wọ́n tó lọ, ọ̀gá wọn á ti fóònù àwọn tó ni bàálù: "À ń bọ̀ lọ́la o." Ọmọlúàbí ni ọ̀gá, kì í já lu èèyàn! Kí wọ́n tó débẹ̀, táyà tí wọ́n yá lára bàálù mìíràn á ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ìrẹsì àlejò á sì ti jinná.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọ̀gá ọ̀hún, Alàgbà Dáhùnsí, jókòó sínú yàrá. Ó ní òun kàn wá kí àwọn àlejò ni. Ó kí wọn tán, ó gba tíì, ó na ẹsẹ̀. Ta ló fẹ́ lé àgbàlagbà? Alága ìgbìmọ̀, Alhaja Sàlímọ́tù, wo àjà, ó húkọ́.

"Morádéún," ni ọ̀gá wí tẹ̀ríntẹ̀rín, "sọ̀rọ̀ fàlàlà, ọmọ mi. Ṣebí èmi ni mo bá ẹ wáṣẹ́."

"Ẹ ṣé, sà."

Alhaja bi í pé, "Ṣé ẹ máa ń sọ fún wọn kẹ́ ẹ tó lọ?"

Morádéún wo ọ̀gá. Láàárọ̀, ní Ajégúnlẹ̀, Onome aládùúgbò rẹ̀ ti pariwo tẹ̀lé e pé, "Aunty, talk am o! If you no talk am, make you sef enter dat plane!"

Morádéún dìde. Ó lọ síwájú ọ̀gá, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Ẹ bọ́ síta ná."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin, sà."

Ife tíì dúró lókè lọ́wọ́ ọ̀gá. Ó wo Alhaja kó gba òun sílẹ̀. Alhaja ń wá bírò tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ọ̀gá dìde, ó gbọn agbádá, ilẹ̀kùn sì dún gbàà lẹ́yìn rẹ̀.

"Dìde, ọmọ mi," ni Alhaja wí.

"Ẹ jẹ́ n wà báyìí sọ ọ́, mà. Tí mo bá dìde, ẹsẹ̀ mi á tẹ̀lé ọ̀gá." Ó gbójú sókè. "Bẹ́ẹ̀ ni. À ń pe àwọn tó ni bàálù ṣáájú. Bàálù kan tí táyà rẹ̀ ti jẹ tán máa gbéra lọ sí Port Harcourt lọ́sàn-án yìí. Ẹ dá a dúró."