Mítà Kan Tí Ó Sọnù

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé tí àwọn ará àdúgbò pinnu láti pa Oníbíríkì, obìnrin tí ń wọn omi wà lórí ìkúnlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kànga ìjọba, ó ń nu téèpù rẹ̀. Ariwo ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ òpópónà, ṣùgbọ́n kò gbé orí sókè. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni ó ti fi ń ṣe iṣẹ́ náà, kò sì sí ariwo tí ó lè mú un fi téèpù sílẹ̀ pẹ̀lú ìdọ̀tí.

Kànga ìjọba kì í ṣe èyí tí a ń pọn omi nínú rẹ̀. Ìdérí irin bò ó, àgádágodo sì wà lára ìdérí náà. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí a gbẹ́ ẹ fún ni kí a lè mọ ibi tí omi abẹ́ ilẹ̀ dé. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, obìnrin yìí a ṣí i, a sọ téèpù gígùn kan sínú rẹ̀, a máa dẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, a sì máa tẹ́tí sílẹ̀. Òjé kan wà ní ìdí téèpù náà, inú rẹ̀ jìn bí ife tí a da ojú rẹ̀ dé. Bí òjé bá kan omi, a dún "pọ́", obìnrin náà a sì ka nọ́ḿbà tí ó bá wà ní etí kànga. Lẹ́yìn èyí, a lọ sí etí odò láti ka pátákó ìwọ̀n tí a rì mọ́ ibẹ̀. A sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ḿbà méjèèjì sí ara pátákó dúdú tí ó wà níwájú ọ́fíìsì, kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Ìyá Téèpù ni wọ́n ń pè é. Wọn a máa fi ṣe àwàdà pé bí ó bá wí fún ọ pé o ti kú, kí o yáa lọ wá ibi dùbúlẹ̀ sí, nítorí obìnrin náà kì í ṣi nǹkan wọ̀n.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni nọ́ḿbà kànga ṣàdédé fò. Láti ìgbà tí òjò ti dá ni omi ti ń lọ sílẹ̀ ní ìwọ̀n ìbú ìka mẹ́ta lọ́sẹ̀. Jíjìn rẹ̀ kò ju mítà mẹ́rìnlá àti díẹ̀ lọ. Lójijì, ó di mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti díẹ̀. Odidi mítà kan lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ náà gan-an sì ni Oníbíríkì, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ òpópónà, ra ẹ̀rọ afami kejì. Ta ni yóò tún máa wá ẹlẹ́rìí kiri? Àwọn onílé sáré pe àwọn agbẹ́kànga pé kí wọ́n wá gbẹ́ kànga wọn jìn sí i kí omi tó sá tán. Àbúrò Ìyá Téèpù, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, wà lára àwọn agbẹ́kànga náà. Ní ọjọ́ Ẹtì tí ó kọjá, níbi tí òun àti ẹnì kejì rẹ̀ ti ń gbẹ́ kànga kan tí ó ti jìn tó tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ ya lu ẹnì kejì náà. Wákàtí mẹ́fà ni wọ́n fi wa ilẹ̀ kí wọ́n tó rí i. Ẹnu rẹ̀ kún fún amọ̀ dé ọ̀fun.

Obìnrin náà ń fi àkísà nu téèpù láti òkè bọ̀ wá sí ìsàlẹ̀, ó sì ń ka nọ́ḿbà rẹ̀ sínú bí ó ti máa ń ṣe: márùn-ún, mẹ́rin, mẹ́ta, méjì, ọ̀kan. Ọwọ́ rẹ̀ kan òjé. Ó dúró. Ó tún ibẹ̀ nù. Nọ́ḿbà kìíní wà ní ọrùn òjé gan-an, kò sì sí ohunkóhun lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà náà ni ó rántí. Ní oṣù tí ó kọjá, òjé há sí àárín òkúta nínú kànga. Nígbà tí ó fi agbára fà á, ìpẹ̀kun téèpù ya. Òun fúnra rẹ̀ ni ó fi àlùmọ́gàjí gé e ní orí nọ́ḿbà kìíní, kí ìṣirò má baà le. Ó so òjé padà, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹ̀yìn ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé: Yọ mítà kan kúrò. Ìwé náà kún ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó ṣí tuntun, ó sì ti èyí tí ó ti kún bọ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ariwo ìsàlẹ̀ òpópónà ti di igbe. Ó ká téèpù sí apá, ó sì sáré.

Àgbàlá gbọọrọ ni ilé iṣẹ́ Oníbíríkì. Bíríkì tútù tí wọ́n tò sí oòrùn ní ìlà ní ìlà, wọ́n ti tẹ ìdajì rẹ̀ di ẹrẹ̀. Ẹ̀rọ afami kan ti fọ́ yángá, epo rẹ̀ ń ṣàn lọ sínú amọ̀. Ọkùnrin mẹ́ta ń fi òkúta lu èkejì bí ẹni ń pa ejò. Nǹkan bí ogójì ènìyàn ni ó wà níbẹ̀. Oníbíríkì wà nílẹ̀ ní etí kànga rẹ̀, okùn so ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Apá rẹ̀ ọ̀tún tẹ̀ ní ibi tí apá kì í ti í tẹ̀. Àbúrò Ìyá Téèpù fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ láyà, ó sì di dígà mú.

"Sọ ọ́ kí n gbọ́," ni agbẹ́kànga wí. "Omi mélòó lo fà?"

"Èyí tí mo ń fà tẹ́lẹ̀ náà ni. Ẹ̀rọ kejì ò tíì ṣiṣẹ́ rí, ọ̀gá. Wáyà ẹ̀ ò tíì dé."

"Ó ní wáyà ò tíì dé," ni ọ̀kan nínú àwọn tí ń fọ́ ẹ̀rọ wí. "Omi tiwa ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Agbẹ́kànga yí dígà padà, ó sì fi ìdí igi rẹ̀ gún Oníbíríkì lẹ́nu. Eyín méjì bọ́ sílẹ̀.

"Ẹ sọ ọ́ sínú kànga ẹ̀," ni obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìbejì wí. Kànga tirẹ̀ ni ó kọ́kọ́ gbẹ ní àdúgbò. "Ṣebí omi ló fẹ́ràn. Kó lọ mu ún tán."

"Ẹ dúró," ni Ìyá Téèpù wí.

Àbúrò rẹ̀ wò ó. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ padà sílé. Èyí kì í ṣe ohun tó yẹ kójú yín rí."

"Nọ́ḿbà tí mo kọ kì í ṣe òótọ́. Mo ṣì í wọ̀n."

Ẹ̀rín tún bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀yin kẹ̀?" ni Ìyá Ìbejì wí. "Ẹ̀yin kì í ṣi nǹkan wọ̀n, Ìyá Téèpù. Gbogbo wa la mọ̀ yín. Àánú ẹ̀ ló ń ṣe yín."

Orúkọ rere tí ó fi ọdún mẹ́rìndínlógún kọ́ ni ó wá dìde dojú kọ ọ́. Ó bẹ̀ wọ́n, ó ní, "Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́."

"Tiwa ló ń fọ́, Ìyá," ni ọkùnrin tí ó fi wáyà ṣe yẹ̀yẹ́ dáhùn. "Tiẹ̀ la fẹ́ bẹ́."

Ọkùnrin mẹ́rin gbé Oníbíríkì, wọ́n sì kọ orí rẹ̀ sí ojú kànga. Ó fi ọwọ́ òsì tí ó kù fún un di etí kànga mú. Ẹnì kan mú ààbọ̀ bíríkì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí lu àwọn ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Oníbíríkì kò ké. Ó ń mí bí ẹṣin tí ó ti sáré ju agbára rẹ̀ lọ.

Ìyá Téèpù kò bá àwọn èrò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó kọjá láàárín wọn, ó sì dúró níwájú àbúrò rẹ̀.

"Mú ọ̀pá mítà rẹ wá."

"Ẹ̀gbọ́n mi..."

"Èmi ni mo kọ́ ọ ní ení, èjì. Mo ní kí o mú un wá."

Ọ̀pá irin kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà kan gérégé wà ní ẹ̀yìn agbẹ́kànga nínú àpò awọ. Òun ni ó fi ń wọn jíjìn kànga, kì í sì í gbé e sílẹ̀. Ó fà á yọ. Obìnrin náà gbà á, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó na téèpù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì mú kí òjé bá ìdí ọ̀pá dọ́gba.

"Ka ibi tí ọ̀pá rẹ parí sí."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó. "Méjì."

"Ọ̀pá mítà mélòó ni?"

"Mítà kan."

"Ìkejì ńkọ́?"

Agbẹ́kànga fi ìka kan ọrùn òjé, ó sì rí ibi tí àlùmọ́gàjí gbà kọjá. Ó gbé orí sókè, ó ní, "Ẹ gbé e sílẹ̀." Àwọn mẹ́rin náà kò gbọ́, tàbí wọn kò fẹ́ gbọ́, ìka kan ṣoṣo ni ó kù tí Oníbíríkì fi di kànga mú. Agbẹ́kànga gbá ẹni tí ó sún mọ́ ọn jù lọ ní dígà ní orúnkún. Egungun rẹ̀ dún. Ọkùnrin náà ṣubú, àwọn mẹ́ta tí ó kù sì ju Oníbíríkì sí ẹ̀yìn, sórí ilẹ̀.

"Ìgbà wo?" ni agbẹ́kànga bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Oṣù tó kọjá. Mo gé e. Mo gbàgbé láti máa yọ mítà kan."

"Ó já sí pé omi ò sá lọ?"

"Ó lọ bí ó ti máa ń lọ. Òjò ni kò rọ̀."

"Kànga tí a gbẹ́ ní Ẹtì ńkọ́?"

"Omi ṣì wà níbẹ̀. Kò yẹ kí ẹ tún gbẹ́ ẹ."

"Ẹni tí ilẹ̀ ya lù."

"Èmi ni mo pa á," ni ó wí.

Agbẹ́kànga gbé ọ̀pá irin nílẹ̀, ó sì fi gbá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú. Láti ìgbà tí wọ́n ti dáyé, kò tíì gbé ohùn sókè sí i rí. Obìnrin náà ṣubú. Nígbà tí ó gbé ọwọ́ ọ̀tún bo ojú, ọ̀pá náà tún sọ̀kalẹ̀, ìka mẹ́ta sì ṣẹ́ bí igi gbígbẹ. Ọkùnrin náà ju ọ̀pá nù, ó sì yí ojú padà.

Àwọn èrò ni wọ́n tẹ̀ síwájú. Wọ́n wá láti lu ènìyàn, wọn kò sì fẹ́ padà lọ́wọ́ òfo. Òjò tí kò rọ̀ kò ní ọrùn tí a lè dì mú.

"Ìwọ!" ni Ìyá Ìbejì wí, ẹni tí kò pè é ní ìwọ rí. "Ìwọ lo jẹ́ ká ba nǹkan onínǹkan jẹ́."

Bíríkì kan bà á lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ kan gbá a ní ìhà, òmíràn tẹ̀ lé e. Wọ́n fa irun rẹ̀, wọ́n wọ́ ọ gba inú ẹrẹ̀. Ojú rẹ̀ kan ti pa dé. Kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó ká ara rẹ̀ bo téèpù náà bí ẹni tí ó gbé ọmọ sáyà.

Ohun kan dún gbáǹgbáǹ lára irin. Wọ́n yí padà. Oníbíríkì ti fi àyà wọ́ dé ibi tí ẹ̀rọ rẹ̀ wà, ó gbá òkúta mọ́ àárín àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tí ó fọ́, ó sì ń fi lu ẹ̀rọ náà. Ẹ̀jẹ̀ ń dà láti ẹnu rẹ̀ bí ó ti ń sọ̀rọ̀.

"Ẹ má pa á. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn ẹ̀. Bí ọwọ́ mi bá san, èmi náà á gbá a létí. Àmọ́ bí ẹ bá pa á lónìí, lọ́la ẹ máa ní irọ́ ló pa, ẹ máa ní èmi ni mo fa omi yín. Ta ló máa jẹ́rìí mi? Ẹ jẹ́ kó wọn kànga mi lójú gbogbo yín."

"Ọwọ́ wo ló fẹ́ fi wọ̀n ọ́n?" ni ẹnì kan bi í.

"Tàbúrò ẹ̀. Ṣebí tiẹ̀ ò ṣẹ́."

Agbẹ́kànga wá, ó kúnlẹ̀ ní etí kànga láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Ìyá Téèpù fi ìgbọ̀nwọ́ fa ara rẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì na téèpù sí i. Ẹ̀jẹ̀ imú rẹ̀ ń kán sórí àwọn nọ́ḿbà.

"Máa dẹ̀ ẹ́," ni ó wí. "Má jẹ́ kó já ṣòòrò. Tẹ́tí."

Ogójì ènìyàn dákẹ́. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ fọ́ pàápàá ti aṣọ bọ ẹnu. Ó pẹ́ díẹ̀ kí òjé tó kan omi ní ìsàlẹ̀.

"Kà á."

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti ààbọ̀."

"Yọ ọ̀kan."

"Mẹ́rìnlá àti ààbọ̀."

"Èyí tí mo wọ̀n ní kànga ìjọba láàárọ̀ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí tiẹ̀. Omi tirẹ̀ ń lọ bí tiwa. Tún un wọ̀n."

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti gbọ́."

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni à ń wọ̀n ọ́n. Tún un wọ̀n."

Ó tún un wọ̀n. Bákan náà ni.

Kò sí ẹni tí ó sọ pé kí wọ́n máa lọ. Ìyá Ìbejì ni ó kọ́kọ́ rìn jáde, ó ń gbọn amọ̀ kúrò lẹ́sẹ̀. Àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e ní méjì méjì. Méjì nínú wọn fa ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ yọ láti fi gbé Oníbíríkì lọ sí ọsibítù. Bí wọ́n ti ń tẹ́ ẹ sórí rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tí ó fọ́ ẹ̀rọ padà wọlé. Ọwọ́ irin ẹ̀rọ afami tí ó ti gbé lọ wà lábíyá rẹ̀. Ó rọra fi í ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tí ó wà nítòsí rẹ̀, ó tún un tò kí ó má baà ṣubú.

Oníbíríkì wò ó láti orí ilẹ̀kùn.

"Ti èkejì ni," ni ó wí.

Ọkùnrin náà gbé e, ó sì mú un lọ sí ọ̀dọ̀ èkejì.