Hẹ́dìmásítà Gúrúùpù Kẹrin

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé iṣẹ́ àjọṣe rọrùn láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ẹ bi í bóyá ó ti ṣe é rí. Nínú ẹni mẹ́ta, ẹnì kan á ṣiṣẹ́, ẹnì kejì á máa yìn ín lórí Wasáàpù, ẹnì kẹta á yọjú nígbà tó bá ku ọ̀la, á ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi sí i.” Dókítà Oyèbọ́lá, obìnrin tó ń kọ́ wọn nípa dídá òwò sílẹ̀ ní yunifásítì kan l'Àkúrẹ́, mọ gbogbo ọgbọ́n yìí látòkè délẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ṣòfin pé ní ọjọ́ pirẹsẹntéṣọ̀n, ẹni tí kò bá dúró níwájú kíláàsì kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìpín tirẹ̀, òdo ló gbà, ì báà jẹ́ òun ló kọ gbogbo ìwé náà.

Òfin yìí ló ká Goodness Ògúnníyì mọ́. Ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ọdún tó máa parí nìyí, kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo yìí ló sì lè dá a dúró. Bó bá gba òdo nínú rẹ̀, ọdún kan gbáko ni yóò fi kún un. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ wà l'Oǹdó, ọkàn bàbá náà sì ti ń rìn lọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń lọ sóko láìdágbére.

Ọdún mọ́kànlélógún ni Bàbá Ògúnníyì fi ṣe hẹ́dìmásítà. Títí di òní, àwọn àgbà ọkùnrin kan ṣì wà l'Òkè-Lísà tí wọ́n máa ń ju sìgá nù bí wọ́n bá rí i lókèèrè. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan. Ó gbàgbé ibi tó fi awò ojú rẹ̀ sí. Ó gbàgbé pé Mary ìyàwó rẹ̀ ti kú. Nígbà tó yá, ó gbàgbé Goodness fúnra rẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Nọ́ọ̀sì ló kà á sí. “Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun gan-an ni o,” á wí bó bá bu omi fún un, á sì tẹrí ba díẹ̀. Ó ń dun Goodness dé egungun, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ bá bínú?

Àǹtí Ìbídùn, àbúrò bàbá, ló máa ń wà pẹ̀lú rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Àmọ́ ọmọ Àǹtí bímọ l'Abùjá, wọ́n sì ti lọ bá a wẹ ọmọ. Goodness palẹ̀ ìwé rẹ̀ mọ́, ó padà sílé.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Adédèjì tó jẹ́ olórí Gúrúùpù Kẹrin pè é lórí fóònù. “Goodness, mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mo níkà nínú. Ṣùgbọ́n a ò rí ẹ. Tó o bá dé lọ́jọ́ náà tó o bẹ̀rẹ̀ sí í wò suu, gbogbo wa ni máàkì wa máa lọ sílẹ̀. Bọ́látitó ní ká yọ orúkọ rẹ, ká pín iṣẹ́ rẹ láàárín ara wa.”

“Mi ò lè fi bàbá mi sílẹ̀.”

“Báwo la ṣe fẹ́ wá ṣe é?”

“Ẹ wá síbí!” Ìbínú ló fi sọ ọ́, ó sì pa fóònù.

Àfi bó ṣe di àárọ̀ Sátidé tí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Adédèjì ló dúró níta, àti Bọ́látitó lẹ́yìn rẹ̀, kùrukùru ojú ọ̀nà Àkúrẹ́ ṣì rọ̀ mọ́ irun orí wọn. Bọ́látitó wo ilẹ̀, ó ní, “Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ṣé a lè wọlé?” Goodness bú sẹ́kún, ó sì rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà.

Pálọ̀ bàbá ní fèrèsé ńlá mẹ́ta tó kọjú sí ìlà-oòrùn. Fọ́tò àwọn ọmọ ilé ìwé ló kún ara ògiri, kíláàsì lẹ́yìn kíláàsì, àwọn ọmọdé tí wọ́n ti di bàbá àti ìyá àgbà báyìí. Bí oòrùn bá ti ń gòkè, ìmọ́lẹ̀ á máa rìn láti orí fọ́tò kan bọ́ sórí èkejì, á sì dà bíi pé àwọn ọmọ náà ń jí lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú ìmọ́lẹ̀ yìí ni àwọn mẹ́ta tò sí láti fi pirẹsẹntéṣọ̀n wọn dánra wò. Bàbá tó ti ń tòògbé gbójú sókè, ó rí ọ̀dọ́ mẹ́ta lórí ìlà, ẹ̀yìn rẹ̀ sì nà ṣánṣán.

“Ẹ dúró dáadáa! Ìwọ, ti ṣẹ́ẹ̀tì rẹ bọ inú ṣòkòtò!”

Adédèjì ti ṣẹ́ẹ̀tì bọ inú ṣòkòtò kó tó ronú. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ó ń da gẹ̀ẹ́sì ńláńlá sílẹ̀ wìì. Ìṣẹ́jú kan kò pé tí bàbá fi gbọ́wọ́ sókè. “Jókòó. Ìwọ fúnra rẹ ò mọ ohun tó ò ń sọ.” Bọ́látitó fi ọwọ́ bo ẹnu kó má bàa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́ púpọ̀, nítorí òun ló kàn.

Òwò tí wọ́n gbé kalẹ̀ kò le láti lóye: ata àwọn àgbẹ̀ Ìta-Ògbólú máa ń jẹrà lásìkò òjò, nítorí náà wọ́n fẹ́ kọ́ ilé kan tí wọ́n á ti máa sá a gbẹ, kí wọ́n lọ̀ ọ́, kí wọ́n dì í tà. Ìpín ti Goodness ni ẹni tó máa rà á àti ìdí tó fi máa rà á. Kò tíì sọ̀rọ̀ dé àárín tí bàbá fi bi í pé, “Ata tútù kún ọjà. Kí ló dé tí màá fi ra gbígbẹ?” Goodness wojú Adédèjì, Adédèjì wo òrùlé.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún dé. Bàbá kò rántí wọn, kò rántí ata, kò rántí nǹkan kan. Ó tún ní kí Adédèjì jókòó. Ó tún béèrè ọ̀rọ̀ ata tútù. Bó ṣe ń lọ nìyẹn. Láàárín ọ̀sẹ̀, tí ilé bá dá, tí òjò ọ̀sán bá ń rọ̀ wẹ́wẹ́ lórí páànù, Goodness á dúró níwájú bàbá rẹ̀ nìkan, á tún un sọ. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, lẹ́ẹ̀mẹta nígbà mìíràn. Kò mọ ìgbà tó ju bébà sílẹ̀ mọ́. Èèyàn ò lè sọ pé “gẹ́gẹ́ bí mo ṣe wí lẹ́ẹ̀kan” fún ẹni tí kò sí ẹ̀ẹ̀kan nínú orí rẹ̀. Àfi kó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kó mú un rọrùn, kó sì wojú onítọ̀hún bóyá ó ń bá a bọ̀. Ọjọ́ mìíràn wà tí ohùn rẹ̀ àti òjò á dà pọ̀, tí kò ní mọ̀ bóyá ọmọ ọdún mẹ́jọ ni òun tàbí méjìlélógún, tó kàn ń ka iṣẹ́ àmúrelé fún bàbá rẹ̀.

Ọjọ́ náà wá kù sí dẹ̀dẹ̀, Àǹtí kò sì tíì dé. Adédèjì ní, “Ṣé bàbá ò lè tẹ̀ lé wa ni?” Ó yá mọ́tò ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wá gbé wọn láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Bàbá wọ kóòtù, ó so táì, ó fi bírò pupa sápò àyà. Kùrukùru bo ọ̀nà débi pé igi kan á yọ, á sì tún wọlé padà. Bàbá ń sùn, ó ń jí. Gbogbo ìgbà tó bá jí ló ń béèrè ibi tí wọ́n ń lọ.

“Àkúrẹ́ ni, sà.”

“Àkúrẹ́! Ó mà dáa o!” Ìgbà márùn-ún ni inú rẹ̀ dùn sí Àkúrẹ́ kí wọ́n tó débẹ̀.

Dókítà Oyèbọ́lá wo arúgbó tó wọlé náà, ó wo Goodness. Goodness kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ojú dókítà kò yí padà. Ó ní, “Wọn ò gbọ́dọ̀ dí wa lọ́wọ́ o,” ṣùgbọ́n nígbà tó ń pín ìwé tí gbogbo kíláàsì fi máa ń fún ara wọn ní máàkì, ó mú ọ̀kan lọ bá bàbá níjòókòó ẹ̀yìn. “Ẹ bá wa yẹ̀ wọ́n wò, sà.” Bàbá gbà á bí ohun tó tọ́ sí i.

Gúrúùpù mẹ́ta kọjá. Wọ́n ń gbọ́ bí bírò pupa bàbá ṣe ń ha bébà. Gúrúùpù Kẹrin bọ́ síwájú. Adédèjì fi ọ̀rọ̀ kékeré sọ ohun ńlá, ó sì dáa. Bọ́látitó gba ọ̀rọ̀, ó ní kí wọ́n wo àwòrán ilé ìsáta náà lára ògiri, ni wọ́n bá mú iná lọ. Àwòrán pòórá. Òjò ti ṣú níta, inú gbọ̀ngàn dúdú bí abẹ́ igi kòkó. Kò sí dísẹ́ẹ̀lì nínú jẹnẹrétọ̀. Bọ́látitó wá ọ̀rọ̀ títí, ọ̀rọ̀ kò wá.

“Ẹ máa bá a lọ,” ni dókítà wí. “Ẹni tó kàn ńkọ́?”

Goodness bọ́ síwájú. Bí òun bá kùnà báyìí, ó parí. Ó la ẹnu, gbólóhùn àkọ́kọ́ jáde tán, ọwọ́ kan sì ga sókè nínú òkùnkùn ẹ̀yìn.

“Ata tútù kún ọjà. Kí ló dé tí màá fi ra gbígbẹ?”

Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Dókítà yíjú padà bí ẹni tó fẹ́ bá bàbá wí, ó sì pa èrò rẹ̀ dà. “Dá wọn lóhùn,” ló wí.

Goodness sọ̀ kalẹ̀ láti orí pèpéle, ó rìn lọ sáàárín àwọn ìjókòó. Ó kọjú sí bàbá rẹ̀. “Ó kún ọjà lónìí lóòótọ́, sà. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ata á wọ́n bí ojú. Ìyá tó ń se ọbẹ̀ fún ọmọ mẹ́rin ò béèrè bóyá ata tútù ni tàbí ó gbẹ. Ohun tó ń wá ni ata tó pọ́n, tó ta, tí kò ní bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ kó tó di Sọ́ńdè. Ìyá yẹn ló máa rà á, sà, màá sì sọ ibi tí a ti máa rí i.” Ó sì sọ ọ́, láti òpópónà Arakale l'Àkúrẹ́ dé Oǹdó, láìwo bébà, bí ẹni tó ń bá èèyàn kan ṣoṣo sọ̀rọ̀ nínú pálọ̀. Nígbà tó parí, àtẹ́wọ́ kíláàsì borí ariwo òjò.

Dókítà Oyèbọ́lá kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó pa á dé. “Goodness, máa lọ palẹ̀ aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde rẹ mọ́. O ò ní ìṣòro kankan lọ́dọ̀ mi mọ́.”

Bọ́látitó dì mọ́ ọn, Adédèjì ń jó níbi tí kò sí ìlù. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí bàbá fi dìde, tó ń bọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láàárín àwọn ìjókòó, ìwé máàkì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró níwájú Goodness. Ó wò ó láti òkè délẹ̀, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ kedere.

“Ọmọ yìí, ta ni bàbá rẹ?”

Adédèjì fẹ́ dáhùn, Bọ́látitó tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

“Mo ti kọ́ ọmọ, kì í ṣe díẹ̀,” ni bàbá wí. “Mi ò tíì rí ọmọ tó là á yé mi báyìí rí. Ẹni tó bí ọ ṣiṣẹ́. Bó o bá délé, bá mi kí i. Sọ fún un pé hẹ́dìmásítà Ògúnníyì l'Oǹdó ló ní kó o kí i, pé ó káre.”

Goodness kúnlẹ̀. Omijé ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún. “Màá jíṣẹ́ fún un, sà.”

“Má gbàgbé o.”

“Mi ò ní gbàgbé, sà.”