Ta Ló Ni Nesvera?

Ní àdúgbò Gualey níbí, a kì í pe "s" tó bá parí sílébù nínú èdè Sípáníìṣì wa. A máa ń gbé e mì ni. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ bí àwọn tó ń ka ìròyìn yóò máa wá "s" kiri, yóò sì máa tì í bọ ibi tí kò yẹ kó wà. Ohun tó kó bá Dahiana nìyẹn.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, orí rẹ̀ sì pé. Òun ló ronú pé bí wọ́n bá mú iná lọ ní òpópónà wa, kí a gbé ẹran wa lọ sínú fíríìjì àwọn tó níná. Bó bá kan àwọn náà, kí wọ́n gbé tiwọn wá. Orí fóònù la ó ti máa béèrè ẹni tó níná. Ó gbé fídíò jáde láti ṣàlàyé. Ojú rẹ̀ kò hàn, fíríìjì ìyá rẹ̀ ló ń fi hàn wá. Nevera là ń pe fíríìjì. Dahiana fẹ́ dún bí ọmọ olówó, ó ní "nesvera".

Gbogbo ìlú ló fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n fi ohùn rẹ̀ sórin, a jó o. Ìtìjú mú un, ó pa fídíò náà rẹ́. Kíá, Wilkin onígbàjámọ̀, ọmọ doña Eridania, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí fóònù fún ètò fíríìjì náà. Ó pè é ní Nesvera. Èèyàn ya wọ ibẹ̀ bí omi.

Nígbà tó yá, obìnrin kan wá láti yunifásítì. Ó fẹ́ mú ẹni tó ronú nǹkan náà lọ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀. A pé jọ sí pápá.

"Èmi ni," Wilkin wí.

"Kí ni 's' ń ṣe nínú orúkọ rẹ̀?" obìnrin náà béèrè.

"Solidaridad ni, señora. Ká máa ran ara wa lọ́wọ́."

A pàtẹ́wọ́. Dahiana dìde.

"Kò dúró fún nǹkan kan. Àṣìṣe mi ni."

"Fídíò rẹ dà?" Wilkin béèrè.

"Mo ti pa á rẹ́."

"Ẹ gbọ́ o, ó ti pa á rẹ́. Èmi náà ni mo dá íńtánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, mo kàn pa á rẹ́ ni."

A rẹ́rìn-ín débi pé àga ń ṣubú. Dahiana kọjú sí àlejò wa, ó wá ohùn tó dáa jù tó ní.

"Señora, mi ò bá a jà. Mo kàn rí i pé cosmida àwọn èèyàn ń bàjẹ́ ni."

Comida ló fẹ́ pè, oúnjẹ lásán.

"Ohùn inú orin nìyẹn," ẹnì kan sọ lẹ́yìn.

Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Wilkin jókòó. Obìnrin náà bọ Dahiana lọ́wọ́, ó gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀. "Ìwọ lo ni ín," ó wí.

Ìgbà náà ni doña Eridania dìde. "Ṣé ìwọ lo ni ín lóòótọ́?"

"Èmi ni, doña."

"Ó dáa. Odindi ewúrẹ́ ni mo gbé lọ, ẹsẹ̀ kan ló padà wálé. Ìyókù dà?"

"Ẹja tèmi náà ńkọ́?" ẹlòmíràn béèrè. Wọ́n ti ń tò sẹ́yìn ara wọn.

"Ẹ bi Wilkin, òun ló ń darí ẹgbẹ́ náà," Dahiana wí.

"Èmi kẹ̀?" Wilkin ti ń ká àga rẹ̀. "Màámi, onígbàjámọ̀ lẹ bí. Ẹ bi ẹni tó ni nǹkan."

Dahiana wo obìnrin yunifásítì bóyá yóò gbà á sílẹ̀. Obìnrin náà ń ka nọ́ńbà fóònù Dahiana sókè fún wọn, díẹ̀díẹ̀, kí àwọn àgbàlagbà lè rí i kọ.