Omi Tí A Dà Sínú Kànga

Títí di òní, àwọn ará ìlú mi ṣì ń sọ pé àwọn ará Ṣábẹ ló fi ẹ̀tàn gba kọlẹ́ẹ̀jì lọ́wọ́ wa. Wọ́n ń sọ ọ́ lọ́jà, wọ́n ń sọ ọ́ lẹ́yìn máàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọ tí a kò tíì bí nígbà náà gan-an ti ń fi í bú ará Ṣábẹ. Irọ́ ni. Ará Ṣábẹ kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀. Èmi Euphrasie ni mo lé kọlẹ́ẹ̀jì lọ, ẹnu mi yìí náà ni mo fi lé e. Lambert ọkọ mi ti kú, n kò sì rí ẹni tí mo tún ń bẹ̀rù, nítorí náà mo lè sọ ọ́ wàyí.

Ọmọ mẹ́rin ni mo bí, Claudine nìkan ló dúró. Ní ọdún kẹfà lẹ́yìn òmìnira Dàhòmì, ó gba sẹtifíkà, òun ló sì gba ipò kìíní láàárín gbogbo ọmọ tó ṣe ìdánwò náà ní agbègbè Ìdáàṣà, lọ́kùnrin lóbìnrin. Àwọn bàbá kan tí ọmọkùnrin wọn fìdí rẹmi kò lè wojú mi fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Inú mi dùn, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn sẹtifíkà, kọlẹ́ẹ̀jì ló kàn, kò sì sí kọlẹ́ẹ̀jì kankan nítòsí wa. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ síwájú, àfi kó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Kútọnu tàbí Àjàṣẹ́, kó lọ máa gbé lọ́dọ̀ ẹni ẹlẹ́ni.

Lambert kì í ṣe ènìyàn burúkú. Àgbẹ̀ ni, kì í sì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó pè mí, ó ní, "Ìyá Claudine, bí ilé ìwé náà bá wà níbi tí mo ti lè rí òrùlé rẹ̀ láti oko mi, ọmọ mi á lọ. Bí kò bá sí níbẹ̀, kò ní lọ sùn nílé ẹlòmíràn. Ẹ̀ta ará Kpingni ti wá bá mi sọ̀rọ̀ nítorí ọmọ rẹ̀."

Mo mọ ọmọ Ẹ̀ta. Ó ti wá kọ ebè iṣu fún wa lẹ́ẹ̀mejì, bí àna ṣe ń ṣe, ọwọ́ rẹ̀ sì dá múṣémúṣé. Kò sí àbùkù lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo bẹ Lambert títí, ó fún mi ní ọdún kan péré. Claudine wá bébà sìmẹ́ńtì, ó fi bo àwọn ìwé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí eruku má bà wọ́n jẹ́.

Oṣù kọkànlá ni ìròyìn dé. Nicolas, olùkọ́ tó tún ń ṣe akọ̀wé fún àwọn àgbà ìlú, ka lẹ́tà kan síta níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ìjọba fẹ́ kọ́ kọlẹ́ẹ̀jì sí apá ọ̀dọ̀ wa, yálà ní Ìdáàṣà tàbí ní Ṣábẹ. Àwọn tí yóò yẹ ilẹ̀ wò ń bọ̀ ní oṣù kejì.

Láti ọjọ́ náà ni orí ìlú ti wú. Àwọn àgbà ní àwa tí a gun orí àpáta nígbà ogun, tí a kò sì sọ̀ kalẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ta ni Ṣábẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa? Wọ́n ní bí kọlẹ́ẹ̀jì bá dé, iná mànàmáná á tẹ̀ lé e, ilé ìwòsàn ńlá á tẹ̀ lé e, ọkọ̀ ojú irin á máa dúró pẹ́ ní ìdíkọ̀ wa ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Àyìndé, Mùsùlùmí tó ń tajà lẹ́bàá ọjà, ti wó ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kó lè mú un fẹ̀, ọjà àkọ́kọ́ tó sì kó wá ni ìwé àti pẹ́ńsù. Lambert pàápàá, tí kì í lálàá lójú oorun, ká má tíì sọ lójú mọmọ, bẹ̀rẹ̀ sí í ro oye iṣu tí ilé ìdáná àwọn ọmọ kọlẹ́ẹ̀jì lè rà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa obìnrin sì kọ orin kan tí a fi ń yẹ̀yẹ́ ará Ṣábẹ, pé òkè wọn kò ga ju ebè iṣu lọ, kí ni ọmọ yóò dúró lé lórí kó tó lè ríran? Èmi ni mo ń dá orin náà.

Ilẹ̀ tí ìlú yọ̀ǹda wà ní ìsàlẹ̀ òkè, lójú ọ̀nà Lèma. Kànga kan wà níbẹ̀ tí àwọn òyìnbó gbẹ́ nígbà tiwọn. Àpáta ni ìsàlẹ̀ rẹ̀. Lásìkò òjò, omi á wà níbẹ̀. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá wọlé, ẹrẹ̀ lásán ló máa ń kù. Lẹ́tà ìjọba sì ti sọ ọ́ kedere pé wọn á yẹ omi wò.

Ẹni tó bá mọ̀ wá á mọ̀ pé àlejò kì í rí ìsàlẹ̀ ìkòkò omi wa. Bí àlejò bá wọlé tọ̀ ọ́ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, tí omi rẹ kò tó nǹkan, obìnrin ilé kejì á gba ẹ̀yìnkùlé gbé omi tirẹ̀ wá, á dà á kún tìrẹ, kí igbá tí o máa gbé fún àlejò lè kún dẹ́nu. Bó bá di ọjọ́ tirẹ̀, ìwọ náà á ṣe é fún un. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní ẹ̀tàn. Ọmọlúàbí là ń pè é.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin kí àwọn àlejò dé, mo dìde láàárín àwọn obìnrin. Mo ní, "Àlejò ìlú ni wọ́n. Ẹ jẹ́ ká bu omi kún kànga yẹn bí a ṣe ń bu omi kún ìkòkò ara wa." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Antoinette nìkan ni kò pa tirẹ̀, ìyá arúgbó kan tó dàgbà ju ìyá tó bí mi lọ.

Ó ní, "Euphrasie, ẹni tí ebi ń pa, tó wá fi epo ra ẹnu, ta ni yóò bu oúnjẹ fún un? Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i pé òùngbẹ ń gbẹ wá."

Mo ní, "Ìyá, àbí Ṣábẹ ni wọ́n ti bí yín?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Arúgbó náà gbé àpótí ìjókòó rẹ̀, ó lọ sílé. Ìwà tí mo hù sí i lọ́jọ́ náà ń dùn mí ju ọ̀pọ̀ nǹkan lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi pọnmi. Láti odò Lèma la ti ń rù ú, láti ìdájí títí oòrùn fi ń wọ̀. Àwọn obìnrin Kpingni wá. Àwọn ìyàwó Mùsùlùmí wá láti ọjà, Àbíkẹ́ ìyàwó Àyìndé sì wà láàárín wọn pẹ̀lú oyún oṣù méje. Claudine náà pa ìwé tì, ó ru omi títí ọrùn rẹ̀ fi wú. A ń dà á jẹ́jẹ́ kí ẹrẹ̀ má baà rú. Àpáta ìsàlẹ̀ kànga kò jẹ́ kí omi tètè sá, nígbà tó sì fi máa di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, ó ti gòkè débi pé okùn kúkúrú ti tó láti fà á. N kò rí ìlú tó ṣọ̀kan bẹ́ẹ̀ rí.

Àwọn mẹ́ta ló wá. Ọ̀gá wọn tẹ́ẹ́rẹ́, ó wọ awò ojú, ará ìsàlẹ̀ etíkun ni. Ó yẹ ilẹ̀ wò, ó ju òkúta sínú kànga, ó ní kí wọ́n fa omi, ó tọ́ ọ wò. Lẹ́yìn náà ló béèrè ọ̀rọ̀ kan ní Faransé. Nicolas wo àwọn ọkùnrin, àwọn ọkùnrin wo ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ omi, ọ̀rọ̀ obìnrin ni. Ọ̀gá náà bá yíjú sí mi, nítorí èmi ni mo dúró níwájú.

Nicolas túmọ̀ rẹ̀. "Ó ní, Madame, ṣé bí kànga yìí ṣe máa ń rí lọ́dọọdún nìyí, nínú oṣù kejì àti ìkẹta?"

Mo rántí Claudine. Mo rántí ọmọ Ẹ̀ta àti ebè tó kọ. Mo rántí orin tí a fi ń bú ará Ṣábẹ. Mo ní, "Lọ́dọọdún. Láti ọjọ́ tí mo ti délé ọkọ, n kò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó béèrè orúkọ mi, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá ṣí ojú ìwé mìíràn, ó fa ìlà gba orí nǹkan kan kọjá. Èmi òpè, mo rò pé Ṣábẹ ló fagi lé. Ijó ni mo jó délé.

Wọ́n fún wa ní kọlẹ́ẹ̀jì lóòótọ́. Wọ́n kọ́ ọ kíá, ó sì ṣílẹ̀kùn ní oṣù kẹwàá. Claudine wọ aṣọ aláwọ̀ sánmà, ó ń gba iwájú ilé wa kọjá pẹ̀lú àwọn ọmọ tó ti ọ̀nà jíjìn wá. Lambert á dá ọkọ́ dúró lóko, á máa wo òrùlé páànù tó ń dán nísàlẹ̀ òkè. Àyìndé ń tajà, iṣu ń lọ, àwọn kan ti ń kọ́ yàrá tí wọn á fi háyà fún àwọn olùkọ́. Oṣù mẹ́ta la fi jẹ ayé yẹn.

Ní oṣù kìíní, kànga gbẹ. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ pọnmi ní Lèma kí wọ́n tó wọ kíláàsì. Ó di oṣù kejì, omi Lèma kò tó gbogbo wa pọn mọ́, odò náà di ọ̀gọ̀dọ̀, wọ́n mu ún bẹ́ẹ̀, inú sì bẹ̀rẹ̀ sí í run wọ́n. Ilé ìwòsàn kékeré wa kún, àwọn kan ń sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwọn òbí láti ìlú mìíràn ń wá kó ọmọ wọn lọ, wọn kì í sì í kí wa. Àwa obìnrin tún gbé ìkòkò, ṣùgbọ́n ta ló lè fi orí ru omi fún ọgọ́fà ọmọ lójoojúmọ́? Ènìyàn lè fi omi ọjọ́ mẹ́ta tan àlejò, kò lè fi tan àwọn tó ń gbé nílé.

Ní oṣù kẹta, dírẹ́tọ̀, ọ̀gá kọlẹ́ẹ̀jì, pe gbogbo òbí jọ. Lẹ́tà ti dé láti Kútọnu. Wọ́n ti gbé Nicolas lọ sí ìlú mìíràn, dírẹ́tọ̀ kò sì gbọ́ èdè wa, ló bá ní kí Claudine dìde wá túmọ̀ rẹ̀, torí kò sí ọmọ tó mọ̀wé tó o. Ọmọ mi dúró níwájú gbogbo ìlú pẹ̀lú ìwé náà lọ́wọ́. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, inú mi ṣì ń dùn.

Ó ní, "Wọ́n ní kọlẹ́ẹ̀jì á kó lọ sí Ṣábẹ lẹ́yìn Àjíǹde. Wọ́n ní owó ti wà nílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ fún forage, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu àpáta títí wọ́n á fi bá omi, fún ìlú tí wọ́n bá mú, bí ìlú náà kò bá lómi. Wọ́n ní wọ́n fagi lé ti Ìdáàṣà lọ́jọ́ tí wọ́n wá yẹ ilẹ̀ wò, nítorí pé..."

Ojú rẹ̀ ṣì wà lórí ìwé.

Dírẹ́tọ̀ ní, "Continue, Claudine."

Ó dáhùn pé ó ti parí: "C'est tout, Monsieur."

Dírẹ́tọ̀ wo ìwé, ó wo ọmọ náà, ó gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ó ká a. Àyìndé ló kọ́kọ́ fò dìde. "Ará Ṣábẹ ni! Wọ́n ti fún wọn ní rìbá!" Gbogbo ilé gbaná. Ariwo ń lọ, wọ́n ń ṣépè. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ti yé mi nígbà náà pé forage wa ni ọ̀gá àwọn àlejò fa ìlà gba orí rẹ̀ kọjá lọ́jọ́sí. Síbẹ̀ mo dìde, mo bá wọn pariwo pé ará Ṣábẹ ni.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, dírẹ́tọ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sílé wa. Claudine túmọ̀ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ náà fún bàbá rẹ̀: ìyàwó dírẹ́tọ̀ á gbà á sọ́dọ̀ ní Ṣábẹ, wọn kò ní gba kọ́bọ̀, ọmọ tó ní irú orí bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó jókòó sílé.

Lambert gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Ní Ṣábẹ? Kí ọmọ mi lọ máa jẹun lọ́wọ́ àwọn tó jà wá lólè? Ká ní ibòmíràn ni, màá rò ó. Ṣùgbọ́n Ṣábẹ, láéláé."

Ká ní mo lanu nígbà náà. Ọ̀rọ̀ kan péré ni: Bàbá Claudine, ará Ṣábẹ kò jà wá lólè, èmi ni. Ó ti sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé Ṣábẹ nìkan ni òun kò fẹ́. Claudine yíjú sí mi, ó sì wò mí pẹ́. Mo tẹríba, mo ń tún iná ṣe lábẹ́ ìkòkò, iná tí kò ní ohun tó ṣe é. Dírẹ́tọ̀ dìde, ó bọ̀ wá lọ́wọ́, ó lọ.

A mú Claudine lọ sílé Ẹ̀ta ní Kpingni nígbà ìkórè iṣu. Ọkọ rẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀, n kò lè purọ́ mọ́ ọn. Nígbà tó bí àkọ́bí rẹ̀, mo lọ wẹ ọmọ fún un. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ń fọ́mọ lọ́mú, ojú rẹ̀ tutù, mo bá gba ara mi níyànjú.

Mo ní, "Claudine, kí ló wà níbi tí o fò nínú lẹ́tà ọjọ́sí?"

Kò gbójú sókè. Ó ní, "Orúkọ yín ni, Ìyá. Wọ́n kọ ọ́ pé obìnrin olóòótọ́ kan ló fi dá àwọn lójú pé kànga náà kì í gbẹ."

Ó gbé ọmọ sí ọmú kejì.

Ó ní, "Mo fò ó kí ẹ lè rí i sọ fúnra yín. Lọ́jọ́ tí dírẹ́tọ̀ wá bá Bàbá, mo dúró dè yín."