Bátìrì Tó Jẹun Yó Jù

Láti Ọjọ́ Ẹtì ni Bọ́lájí ti so bátìrì mọ́tò ńlá kan mọ́ iná ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Djidjolé, ní ìlú Lomé, kò yọ ọ́ títí di ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ náà ni àpérò àpapọ̀ orílẹ̀-èdè fẹ́ dìbò yan olórí ìjọba tuntun. Iná kò tíì dé agboolé wọn ní Cacaveli, Bọ́lájí sì ti fọ́nnu fún gbogbo ayálégbé pé rédíò òun kò ní panu dé títí wọ́n á fi dárúkọ ẹni náà, àní bí ìbò kíkà bá gba ogójì ọdún! Bó bá dákẹ́ pẹ́nrẹ́n, iyì rẹ̀ lọ nìyẹn. Ó tilẹ̀ fi rọ́bà di àwọn ìdérí bátìrì náà pinpin, kí agbára má baà sá jáde.

Nígbà tó gbé e délé, ikùn bátìrì ti yọ bí ti aláboyún ìbẹta.

"Bàbá Gbémi, kí ló ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́?" Títílayọ̀ ìyàwó rẹ̀ di imú.

"Òórùn agbára ni!"

Lucien, tíṣà ará Atakpamé tó ń gbé yàrá kejì, sún sẹ́yìn. "Ẹ̀gbọ́n, bí bátìrì bá ti yó, omi inú rẹ̀ á máa di afẹ́fẹ́ tó ń gbiná. Ẹ wá dí imú rẹ̀ pa! Àwọn bátìrì kéékèèké tèmi tí mò ń so mọ́ iná ní ilé ìwé gan-an, bí mo bá gbàgbé wọn sórí iná, wọ́n á wú, omi á sì máa jò lára wọn."

"Tìẹ tí kò ju ìka ọmọ tuntun lọ? Pardon, Tíṣà, jẹ́ kí àgbà bátìrì sọ̀rọ̀!"

Bọ́lájí yíjú láti fi Lucien rẹ́rìn-ín, ó sì fi wáyà rédíò ńlá rẹ̀ kan bátìrì. Iná ta pàrà.

Gbàù!

Ìdérí kan fò lọ sókè, kò tíì balẹ̀ títí dòní. Gbogbo ayálégbé tó ti kóra jọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọ́n rò pé àwọn ṣọ́jà tí kò fẹ́ àpérò náà ló dé. Ìyá Yvette, ayálégbé kan tí orúnkún rẹ̀ kò ká láti ọdún mẹ́wàá, ti wà lábẹ́ àga. Yíyí tí Bọ́lájí yíjú ló gba ojú rẹ̀ là. Ṣòkòtò rẹ̀ ni ásíìdì inú bátìrì jẹ di asẹ́. Títílayọ̀ da omi garawa mẹ́ta lé e lórí.

Rédíò ńlá ti fọ́. Lucien bá gbé tirẹ̀ jáde, tòun ti bátìrì kéékèèké mẹ́rin tó yọ lórí iná lásìkò. Wọ́n ṣù bò ó bí oyin. Bọ́lájí, nínú ìró aya rẹ̀, dúró lẹ́yìn pátápátá.

Nígbà tí wọ́n dárúkọ olórí ìjọba tuntun, ariwo sọ! Bọ́lájí fò sókè tó bẹ́ẹ̀ tí ìró náà fẹ́ẹ̀ tú.

"Ẹ̀gbọ́n, a ti gbọ́ o!" Lucien kígbe.

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ni," Bọ́lájí dáhùn. "Bátìrì tèmi ló kọ́kọ́ kéde rẹ̀ ní gbogbo Lomé!"