Ẹni Tó Ń Jẹ Orúkọ Lẹ́nu Rédíò

Lóru àná, mo lá àlá pé mo ń wá ẹni tó ń jẹ orúkọ òkú lẹ́nu rédíò ìyá ọkọ mi, mo sì rí i mú.

Kí ẹ tó máa rẹ́rìn-ín, ẹ gbọ́ ohun tó wà nílẹ̀ ná. Ìyá Ìlá kú. Ẹ̀gbọ́n Màmá, ìyá ọkọ mi, ni, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù. Wọ́n pe ọkọ mi lórí fóònù láti Ìlá, wọ́n ní ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n máa sin ín, ìyẹn òní yìí. Gbogbo wa nínú ilé mọ̀, Màmá nìkan ni kò mọ̀. Ta ni yóò la ẹnu sọ ọ́? Ní ilé ọkọ mi, wọn kì í fi ẹnu ara wọn túfọ̀ fún àgbà. Ọkọ mi ní, "Ìyá Mosún, fi í sílẹ̀. Wọ́n á kéde ẹ̀. Kí rédíò bá wa sọ ọ́."

Ìkéde òkú àárọ̀ kì í sì í fo Màmá. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọkọ mi ti gbé sípíkà gogoro kan wá sí pálọ̀, rédíò Màmá kò ṣe ju kó máa kùn bí ilé oyin lọ. Nígbà tí mo sùn lánàá, ilẹ̀ ló kù kó mọ́ tí wọ́n á fi sin òkú, Màmá kò tíì gbọ́. Ohun tí mo gbé lọ́kàn sùn nìyẹn.

Nínú àlá náà, mo pọn rédíò sẹ́yìn bí ọmọ. Olùkéde ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi pé, "Ẹbí Oyèníran ń fi ìbànújẹ́ kéde ikú màmá wọn…" Bó ṣe kan orúkọ báyìí, ó di "gììììì."

Mo ní, "Ṣé ara rẹ ò yá ni?"

Rédíò ní, "Ara mi le, Ìyá Mosún. Ẹnì kan ló wà nítòsí tó ń pariwo sí mi létí. Ẹ̀yin náà, bí wọ́n bá ń pariwo sí yín létí, kí lẹ máa gbọ́?"

Mo ní òótọ́ ni. A bá gba ọ́fíìsì àwọn tó ń mójú tó ohùn lọ. Ọ́fíìsì náà léfòó sórí odò, wọ́n fi okùn so ó mọ́ igi kaṣú kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ sí ìlú mìíràn. Mo fa okùn, ó sọ̀ kalẹ̀, mo wọlé. Ọ̀gá kan tó de táì wà níbẹ̀. Mo kí i, mo ro ẹjọ́ mi. Ó wúkọ́ díẹ̀.

"Ìyáàfin, bí a bá fi ojú ìjìnlẹ̀ wo ètò ìgbì ohùn inú òfúrufú, ní ìbámu pẹ̀lú àwọn ìlànà tó rọ̀ mọ́ ọn…"

"Ọ̀gá, ta ló ń jẹ orúkọ?"

"Mò ń bọ̀ níbẹ̀. Ìṣòro ọ̀hún ní ẹ̀ka ọlọ́kan-ò-jọ̀kan…"

Ibi tó ti ń pe ọlọ́kan-ò-jọ̀kan ni irùngbọ̀n ti yọ lágbọ̀n rẹ̀. Kó tó parí ọ̀rọ̀, ó ti di òbúkọ, táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Mo wá èèpo iṣu fún un, nítorí kò dáa kéèyàn bá òbúkọ sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ òfo. Nígbà tó jẹ ẹ́ tán, ó ní, "Lọ sílé. Máa pa nǹkan inú ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó o bá pa tí ohùn rédíò fi là, òun ni."

"Kí ló dé tó ò ti sọ bẹ́ẹ̀ látàárọ̀?"

"Èèyàn ni mí nígbà yẹn," ni òbúkọ wí.

Mo délé, mo bá gbogbo nǹkan oníná nínú ìpàdé ẹbí. Fíríìjì jókòó sórí ẹní, ó ń làágùn. Mo pa á, rédíò ṣì ń kùn. Mo pa fáànù.

Fáànù ní, "Ẹ rí i bí? Ẹni tó ń tu ará ilé lára ni wọ́n kọ́kọ́ ń fura sí."

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó wá ku sípíkà, tó jókòó sórí àga olórí ẹbí.

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi kẹ̀? Ìyá Mosún, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run! Ṣé ẹ gbọ́ orin lẹ́nu mi ni? Mi ò sọ nǹkan kan."

Òótọ́ ni, kò kọrin. Ṣùgbọ́n iná pupa kékeré kan ń tàn níwájú orí rẹ̀. Mo gbé etí lé e láyà. Ó ń kùn nínú lọ́hùn-ún.

Mo ní, "O dákẹ́ lẹ́nu, o ò dákẹ́ nínú."

Ó ní, "Ṣé èmi nìkan ni? Ẹ gbé etí lé àyà tiyín náà."

Mo gbé etí lé àyà ara mi. Kò le rárá nínú àlá. Gììììì. Mo gbé e lé ti ọkọ mi, bákan náà ni. Màmá wà láàárín wa, ó ń yí eríálì kiri, ó ń nà án sí wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ariwo yìí mà pọ̀ o," ó wí. "Ẹ ò sì sọ nǹkan kan, ẹ̀yin ọmọ yìí."

Mo di wáyà sípíkà mú, mo fà á. Ó ń gùn sí i. Òbúkọ náà dé, ó ń bá mi fi eyín fà á. A fà á, a fà á, mo bá jí.

Okùn nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ló wà lọ́wọ́ mi, mo ti fà á já. Ilẹ̀ ti mọ́. Mo gbọ́ ìkùn láti pálọ̀. Màmá jókòó, ó gbé rédíò sétí, sípíkà dúró tì í láìkọrin, iná pupa rẹ̀ ń tàn. Mo yọ wáyà rẹ̀ lára ògiri.

Ohùn là gaara. Màmá rẹ́rìn-ín. "Háà, Ìyá Mosún, kí lo ṣe sí i?"

Olùkéde sì ń wí pé òkú Màmá Àwẹ̀ró Oyèníran yóò jáde nílé wọn ní Ìlá láàárọ̀ yìí, wọn yóò sì gbé e lọ síbojì lójú ẹsẹ̀.

Màmá gbọ́ ọ tán. Ó wo oòrùn lójú fèrèsé. Kò béèrè ọkọ̀. Ìbàdàn sí Ìlá kì í ṣe ọ̀nà ìtòsí. Ó wo ojú mi, ó wo ti ọmọ rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó rí i pé a ti mọ̀.

Ó ní, "Ta ló ń kì í báyìí?"

Ọkọ mi pe Ìlá lórí fóònù, wọn ò gbé e. Òun àti Ìyá Ìlá nìkan ló kù tó mọ oríkì agbo ilé wọn. Màmá gbé rédíò súnmọ́ ẹnu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Ó kì í títí omi fi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n ohùn ni rédíò ń gbé wá fún wa, kì í bá wa gbé e lọ.

Bí Ìyá Ìlá ṣe wọlẹ̀ láìgbọ́ oríkì rẹ̀ nìyẹn.